Brown noise fún oorun, iṣẹ́ àti ìsinmi: bí ẹ ṣe máa lò ó tí kò fi ní ba etí yín jẹ́

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá nípa brown noise, ìró kíkùn tí kì í yí padà, tí àwọn èèyàn ń gbé sí i láti fi bo ariwo: "Mo gbé brown noise sí orí fóònù mi lálẹ́, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí ló dé tí oorun mi kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀?" Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Fóònù ni. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ariwo tí ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí brown noise lè bò.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìró abẹ́lẹ̀ bíi brown noise ń ṣe. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá, ajá tó gbó, ọkọ̀ tó fọn fèrè: kì í ṣe bí wọ́n ṣe pariwo tó nìkan ló ń jí èèyàn, bí wọ́n ṣe já lu ìdákẹ́rọ́rọ́ tó ṣáájú wọn ni. Tí ìró kan bá ti ń kùn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn á kéré, etí ò ní ta gìrì mọ́. Kì í ṣe oògùn oorun o, kò sì ní ti ẹni tí iṣẹ́ ń sú sídìí iṣẹ́.

Ẹ mọ ariwo tí ẹ fẹ́ bò kí ẹ tó yan ìró

Etí ọmọ ènìyàn máa ń gbọ́ ìró láti nǹkan bíi 20 Hz títí dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: bó bá kéré, ìró ìsàlẹ̀ ni, bó bá pọ̀, ìró òkè ni). Bí agbára ìró ṣe pín sáàárín ìsàlẹ̀ àti òkè yìí ló ya oríṣi mẹ́ta tí ẹ máa bá pàdé sọ́tọ̀:

- White noise: agbára kan náà ló ní láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ń dún ṣááá, ó sì mú létí.
- Pink noise: agbára rẹ̀ ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) dín kù nígbàkigbà tí iye Hz bá di ìlọ́po méjì. Òjò tó ń rọ̀ wọ̀ọ̀ láìdáwọ́ dúró ló sún mọ́ ọn jù.
- Brown noise: dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 ló fi ń dín kù. Ìró ìsàlẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó ń kùn wùùù, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ti gbéra tán.

Ẹ wá fi alẹ́ kan ṣoṣo fetí sílẹ̀ láìgbé nǹkan kan sí i. Kí ló ń jí yín gan-an?

- Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, ẹ̀rọ tó ń kùn, ẹni tó ń hanrun: ìró ìsàlẹ̀ ni wọ́n, brown noise ló bá wọn mu.
- Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ, tẹlifíṣọ̀n yàrá kejì: pink noise.
- Ìró tó mú tín-ín-rín, bíi fèrè, ẹyẹ, ṣíbí lára àwo: pink noise, tàbí white noise tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.
- Báàsì orin aládùúgbò tó ń lù gbì, gbì, gbì: brown noise á dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ara ògiri wọ inú bẹ́ẹ̀dì, ara lẹ fi ń gbọ́ ọn, kì í ṣe etí. Kò sí ìró tó lè bo ìyẹn.
- Kò sí ariwo kankan, ọkàn ni kò balẹ̀: èyí tó bá wù yín. Brown noise ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fara mọ́ jù, nítorí kì í gún ni létí.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi s, t, k àti f ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ni, òkè ni agbára tí a fi ń dá wọn mọ̀ sì wà, ní nǹkan bíi 2,000 sí 4,000 Hz. Ibẹ̀ gan-an ni brown noise ti rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi bo ìjíròrò yàrá kejì yóò máa gbé fólúùmù sókè títí gíláàsì ojú fèrèsé yóò fi máa gbọ̀n, síbẹ̀ yóò ṣì mọ ẹni tí wọ́n ń ṣòfófó rẹ̀. Pink noise tí kò pariwo tó ìdajì ìyẹn á ṣe é.

Sípíkà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú

Sípíkà inú fóònù kéré débi pé kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde. Tí ìró bá ti lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bíi 300 Hz, ó ti ń pòórá nìyẹn. Ìsàlẹ̀ yẹn sì ni gbogbo ẹwà brown noise wà. Nítorí náà, ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù kì í ṣe brown noise mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ni, ó fẹ́lẹ́, ó ń dún ṣíṣíṣí. Nígbà tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó gbé fólúùmù sókè, ṣíṣíṣí yẹn náà ni yóò pọ̀ sí i.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gbé fáìlì kan náà sí orí fóònù, kí ẹ tún gbé e sí orí sípíkà tó tóbi díẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú sípíkà náà. Tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n rìrì díẹ̀díẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ ń jáde. Lórí fóònù, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan lára.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú, ní títò:

1. Sípíkà kọ̀ǹpútà tàbí rédíò àtijọ́ tó ní wáyà, tí iná ń gbé. Kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kì í kú lóru, kì í sì í sọ̀rọ̀.
2. Sípíkà Bluetooth tó tóbi díẹ̀, tí ẹ kì bọ iná. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń fi ohùn èèyàn kéde pé bátìrì ti fẹ́ tán. Ní aago mẹ́ta òru, ìkéde yẹn burú ju ajá aládùúgbò lọ. Òmíràn tún máa ń pa ara rẹ̀ tí ìró bá kéré jù, torí ó rò pé ẹ ti lọ.
3. Fóònù nìkan. Tí kò bá sí nǹkan míì, ẹ fi brown noise sílẹ̀, kí ẹ lo pink noise tàbí ìró òjò. Ohun tí fóònù lè gbé jáde ni kí ẹ bi í.

Íyápíìsì a máa gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde dáadáa, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún oorun. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìró náà

Lórí iPhone, ó ti wà nínú fóònù láti ọdún 2021, nígbà tí iOS 15, ètò tó ń darí iPhone, jáde. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Accessibility, lẹ́yìn náà apá tó wà fún Audio àti Visual, ẹ ó rí Background Sounds níbẹ̀. Dark Noise ló sún mọ́ brown noise. Balanced Noise àti Bright Noise náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú òjò, òkun àti odò. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ìpolówó.

Lórí fóònù míì, áàpù tàbí fáìlì tí ẹ ti gbà sílẹ̀ ló dáa jù. Ẹ má gbé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i kí ẹ sì máa sùn lọ: ìpolówó á já wọlé, tàbí kí fídíò mìíràn tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá sì ní kọ̀ǹpútà, ẹ lè ṣe tiyín. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Fún oorun: ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ gbé sípíkà jìnnà sí orí yín, ó kéré tán mítà 2. Tí ariwo bá ń gba ojú fèrèsé wọlé, abẹ́ fèrèsé yẹn ni kí ẹ gbé e sí. Ìró tó bá ti ibì kan náà wá pẹ̀lú ariwo máa ń bò ó ju èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ kejì wá lọ. Ẹ ò wá ní nílò fólúùmù tó pọ̀.

2. Tí sípíkà bá kéré, ẹ tì í sí igun yàrá. Ògiri méjèèjì á gbá ìró ìsàlẹ̀ padà sínú yàrá, ìró náà á nípọn sí i láìfọwọ́ kan fólúùmù. Tí ògiri yẹn bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní, ẹ wá igun míì. Ìró ìsàlẹ̀ ń gba ara ògiri kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ń sùn fọnfọn, àwọn ń ṣépè.

3. Ẹ gbé e sí i bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó dùbúlẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì ń palẹ̀ mọ́. Etí á ti gbà á kí orí tó kan ìrọ̀rí.

4. Ẹ dùbúlẹ̀ síbi tí ẹ máa sùn sí kí ẹ tó wọn fólúùmù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ariwo ìta kò fi ní mú mọ́. Mi ò ní títí ẹ ò fi ní gbọ́ ọ mọ́ o. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù ní ìwọ̀n kan sí i.

5. Ẹ yan bóyá ó máa kú lóru tàbí ó máa dé àárọ̀. Tó bá jẹ́ pé oorun ni kì í tètè kùn yín, wákàtí kan ti tó, kí ẹ sì wá áàpù tí ìró rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ìró tó bá ṣẹ́ lójijì lè jí yín bí ariwo ṣe ń jí ni. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ìdájí ló ń jí yín, àfi kó dé àárọ̀, ní fólúùmù tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́.

6. Ẹ dán áláàmù wò. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí ìṣẹ́jú méjì sí i, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Tí ìró bá bo áláàmù, ìró ti pọ̀ jù. Yóò bo agogo ìkìlọ̀ iná náà, yóò sì bo ọmọ tó ń ké nínú yàrá kejì.

7. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì fóònù tàbí kí ẹ ti gbogbo ìkéde rẹ̀. Àwọn fóònù máa ń rẹ ìró sílẹ̀ láti fi kéde pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ìyẹn nìkan ti tó láti lé oorun lójú.

8. Ẹ lo ètò kan náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó yí nǹkan padà, kó sì jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo ni ẹ ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí ìró, fólúùmù àti ibi tí sípíkà wà padà lálẹ́ kan náà, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Kí ẹ má bàa ní ìrètí tó pọ̀ jù: àyẹ̀wò kan tó jáde lọ́dún 2021 nínú ìwé ìròyìn ìwádìí Sleep Medicine Reviews kó ìwádìí 38 jọ lórí fífi ìró ran oorun lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára, èsì wọn sì ń ta kora. Ìyẹn ò sọ pé kò lè ṣe yín láǹfààní. Ó kàn túmọ̀ sí pé oorun tiyín fúnra yín lẹ máa fi mọ̀, kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rẹ̀ bá sọ.

Fólúùmù, àti bí fóònù ṣe ń parọ́ fún yín

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè fetí sí ìró tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń sùn fún wákàtí 8 lóru, tí ìró ń dún lé e lórí, ti gbọ́ wákàtí 56 lọ́sẹ̀ kó tó kan orin, ọjà, ọ́fíìsì àti ọkọ̀. Nítorí náà, 80 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn ni kó má kọjá 50 níbi tí orí yín wà, kó sì wà nísàlẹ̀ ìyẹn tí yàrá yín bá dákẹ́. Ìjíròrò lásán láàárín èèyàn méjì máa ń wà ní nǹkan bíi 60.

Áàpù tó ń wọn ìró pọ̀ lórí fóònù, ẹ lè lo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibí ni ewu wà fún ẹni tó ń lo brown noise. Ọ̀pọ̀ nínú áàpù wọ̀nyí ló ń lo ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní A, tí àmì rẹ̀ jẹ́ dBA. Ìwọ̀n A yìí mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ ìró ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, nítorí etí wa náà kì í gbọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀: ní 100 Hz, ó ń yọ nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 19, ní 50 Hz, ó ń yọ nǹkan bíi 30. Ìyẹn ni pé áàpù lè kọ 45 nígbà tí ìró ìsàlẹ̀ inú yàrá ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí áàpù yín bá láyè fún C tàbí Z, àwọn ìwọ̀n tí kì í yọ ìró ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ yí i sí i, kí ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe jìnnà síra. Tí wọ́n bá jìnnà gan-an, ẹ rẹ ìró sílẹ̀, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ jọ máa jẹ ìgbádùn rẹ̀. Gbohùngbohùn fóònù fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ìró ìsàlẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ má gba nọ́ńbà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin.

Tí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà nọ́ńbà:

- Ẹ lè bá ẹni tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kó sì yé e? Ó dáa.
- Ẹ ní láti gbé ohùn sókè? Ó ti pọ̀ jù.
- Etí ń hó tàbí ó dí lẹ́yìn tí ẹ pa á? Ó ti pọ̀ jù gan-an.
- Ife omi orí tábìlì ń gbọ̀n? Ẹ dákun.

Fún iṣẹ́ àti ìwé kíkà

Ọ̀rọ̀ tó ń yé ni ló ń da ìwé kíkà rú jù, ju ìró ẹ̀rọ lọ. Ìdí nìyí tí orin tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí fi máa ń gba ọkàn ẹni tó ń kàwé, tí ìró kíkùn kì í sì í gbà á.

1. Ẹ kọ́kọ́ dán ìdákẹ́jẹ́ wò. Tí yàrá bá dákẹ́, tí ọkàn yín sì pa pọ̀, ẹ má gbé nǹkan kankan sí i.
2. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí, ẹ lo pink noise. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tàbí ojú títì ni, brown noise.
3. Tí hẹ́dífóònù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń pa ariwo fúnra rẹ̀, ẹ rántí pé ìró ìsàlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n pa jù. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni ohùn èèyàn. Pink noise ní fólúùmù kékeré ló kù kí ẹ fi kún un. Àfikún brown noise níbẹ̀ kò wúlò púpọ̀.
4. Ẹ ṣiṣẹ́ fún bíi 45 ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ẹ bọ́ hẹ́dífóònù, kí etí sinmi.
5. Kí iṣẹ́ kan ṣoṣo wà níwájú yín. Ìró kò lè gbèjà ẹni tó ṣí fèrèsé mẹ́wàá sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ ADHD, ipò tí ọkàn èèyàn kì í fi í rọrùn láti pa pọ̀ sójú kan, ń wá gan-an nínú ìbéèrè yín. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2024 wo ìwádìí 13 lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ní ADHD tàbí tó ní àmì rẹ̀. White noise àti pink noise ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó gba àfiyèsí. Ní ti àwọn tí kò ní in, ńṣe ló tiẹ̀ fà wọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Lórí brown noise, wọn ò rí ìwádìí kankan tí wọ́n lè kà mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé "brown noise ti wo ADHD sàn," ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ tún lè máa wọn ara yín: ẹ ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìró lónìí, láìsí ìró lọ́la, kí ẹ wo iye tí ẹ parí àti iye àṣìṣe. Kí inú èèyàn dùn sí ìró kò sọ pé iṣẹ́ ń lọ.

Fún ìsinmi

Èyí ò gba ìlànà púpọ̀. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé brown noise sí i nílẹ̀ nílẹ̀, ẹ mí sínú, kí èémí tí ẹ ń mí síta gùn ju èyí tí ẹ mí sínú lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ti tó. Ẹlòmíì wà tí ìró ìsàlẹ̀ máa ń fọ́ lórí tàbí tí àyà rẹ̀ máa ń já sí i. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ pa á, kì í ṣe dandan.

Bí ẹ ṣe lè fi Audacity ṣe fáìlì tiyín

Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìró tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

1. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Generate, ẹ mú Noise.
2. Nínú Noise type, ẹ yan Brownian. Bí wọ́n ṣe ń pe brown noise níbẹ̀ nìyẹn. Amplitude, ẹ fi sí 0.5 kó má fọ́.
3. Duration, ẹ fi wákàtí 8 sí i. Kọ̀ǹpútà máa nílò àyè tó tó nǹkan bíi 5 GB fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ wo ibi ìkópamọ́ yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
4. Tí sípíkà yín bá kéré, ẹ lọ sí Effect, ẹ wá High-Pass Filter, ẹ fi sí 40 Hz. Yóò yọ ìsàlẹ̀ tí sípíkà ò lè gbé, tó kàn ń jà fún lásán.
5. Tó bá ṣì ń gún yín létí, ẹ lo Low-Pass Filter ní 500 Hz tàbí 1,000 Hz.
6. Ẹ fi Fade In sí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan.
7. Ẹ gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí MP3, mono, 64 kbps. Wákàtí 8 á jẹ́ nǹkan bíi 230 MB. Tó bá jẹ́ WAV, yóò lé ní 2.5 GB, ẹ ò sì ní gbọ́ ìyàtọ̀ nínú irú ìró yìí.

Kí ló dé tí mo ní wákàtí 8, tí mi ò ní kí ẹ ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń yí padà? Nítorí ojú ibi tí MP3 ti parí tó sì tún bẹ̀rẹ̀, àlàfo kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Ó lè má tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n etí tó bá ti gbọ́ "tá" yẹn lẹ́ẹ̀kan, dídúró dè é ló kù tó máa ṣe títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Íyápíìsì nínú etí di àárọ̀. Ó ń ti ìdọ̀tí etí wọlé, ó ń mú kí ihò etí máa rin, ó sì ń dun ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ sùn. Àwọn tó jẹ́ aṣọ, tó rí pẹlẹbẹ bíi báńdì orí, sàn díẹ̀.
- Fífi ìró bo ìró etí. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó lè lo ìró abẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó wà nísàlẹ̀ híhó náà díẹ̀, kó má bò ó pátápátá.
- Fífi ìró bo ìhanrun láìwádìí. Tí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, tó tún ń gbìyànjú bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíkà mọ́. Dókítà ló yẹ kó rí i.
- Gbígbé fólúùmù sókè lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ti oṣù tó kọjá kò tó yín mọ́, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ìkókó

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí wọn ẹ̀rọ ìró 14 tí wọ́n ń tà fún oorun ọmọdé, ìwádìí náà jáde nínú Pediatrics, ìwé ìròyìn ìṣègùn ọmọdé. Ní fólúùmù tó ga jù, ní sẹ̀ǹtímítà 30, mẹ́ta nínú wọn kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85. Gbogbo wọn ló sì kọjá 50, ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé kó má kọjá ní yàrá àwọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn.

- Sípíkà kó jìnnà sí ọmọ, mítà 2 ó kéré tán. Kí ẹ má so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ láé.
- Fólúùmù tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́.
- Tí ọmọ bá ti sùn, ẹ pa á.

Ohun míì tí ẹ lè lò

Fáànù ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìró rẹ̀ nípọn, kì í yí padà, kò ní ìpolówó, kò sì gbọ́n. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ògiri tí ẹ ò bá fẹ́ atẹ́gùn.

Fóòmù tí wọ́n ń fi dí etí máa ń pa ìró òkè dáadáa, ìró ìsàlẹ̀ ló máa ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí òun àti brown noise kékeré láti orí sípíkà fi máa ń bára wọn ṣe: ọ̀kan mú òkè, èkejì mú ìsàlẹ̀. Ẹ fi orí ìka rẹ́ fóòmù náà kó tín-ín-rín, ẹ na etí sókè, ẹ tì í wọlé, ẹ dì í mú títí yóò fi wú padà.

Ẹ tún wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Àlàfo tí ìka lè gbà níbẹ̀ ń kó ohùn wọlé ju gbogbo ògiri lọ. Aṣọ tí wọ́n ká gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ á dí i. Gbígbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tí ariwo ń gbà wá náà kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pa á kí ẹ lọ rí dókítà

- Oorun ò wá ní ó kéré tán alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì ti pé oṣù mẹ́ta. Ìtọ́jú tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbani nímọ̀ràn fún ìyẹn ni CBT-I, tó ń tún ìwà àti èrò nípa oorun ṣe.
- Etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí ó ń hó lọ́nà tó bá ìlù ọkàn mu.
- Ẹ ò gbọ́ràn tó ti tẹ́lẹ̀ lójijì. Èyí kò gba pé kí ẹ dúró di ọ̀la.
- Ẹ ò lè sùn rárá níbikíbi láìsí ìró náà, ó sì ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ máa dín fólúùmù kù ní ìwọ̀n kan ní gbogbo alẹ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi tán. Tí ẹ bá dé ibi tí oorun ti kọ̀, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún sọ̀ kalẹ̀.